Ẹni Kọkànlá ni Iginla: Ipò Ìṣàyàn àti Góòlù Gbígbá nínú Họ́kì

Nígbà tí a lọ kí ọmọ wa kan ní ìlú Calgary, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, orúkọ kan mú wa dúró lójú pópó. Ó wà lẹ́yìn ẹ̀wù pupa tí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan wọ̀: IGINLA, pẹ̀lú nọ́ńbà 12 lábẹ́ rẹ̀. A rò pé ojú ni ó ń tàn wá, títí a fi tún rí ẹlòmíràn tí ó wọ irú rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ igi ńlá fún. Ọmọ wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin kò mọ Iginla ni, Bàbá?"

A kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a ti wá mọ̀ ọ́n. Ìlú Edmonton ni a bí Jarome Iginla sí ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1977. Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀, Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Họ́kì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe họ́kì orí pápá tí díẹ̀ nínú wa gbá ní ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń wí o. Orí omi dídì ni wọ́n ti ń gbá tiwọn. Wọ́n á wọ bàtà tí irin mímú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ bí ẹja, wọ́n á sì máa fi ọ̀pá gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan síhà àwọ̀n. Nínú líìgì NHL, tí ó ga jù lọ ní àgbáyé nínú eré náà, Iginla kópa nínú eré 1,554, ó sì gbá góòlù 625 wọlé. Ní sáà 2001 sí 2002, ó gbá góòlù 52, kò sì sí ẹni tí ó gbá tó o nínú gbogbo líìgì náà. Ó gba wúrà fún Kánádà ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2002 àti 2010.

Ohun tí ó mú wa gbé kálámù ni ipò tí ó wà nígbà tí wọ́n yàn án. Ní ọdọọdún, àwọn ẹgbẹ́ NHL a máa péjọ láti pín àwọn ọ̀dọ́ tí ó tó bí ọmọ ọdún méjìdínlógún láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe dáradára jù ní sáà tí ó kọjá ni yóò yàn kẹ́yìn. Èyí tí kò ṣe dáadáa ni yóò wà níwájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ṣẹ́ gègé díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi. Orúkọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè ni ọmọ tí wọ́n gbà pé ó dára jù. Ní ọdún 1995, Edmonton gan-an ni wọ́n ti ṣe é, ní ìlú tí a bí Iginla sí. Orúkọ mẹ́wàá ni wọ́n pè kí wọ́n tó pe tirẹ̀. Ẹgbẹ́ Dallas ni ó yàn án, àmọ́ kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Calgary nítorí eléré kan tí ó ti lórúkọ, Joe Nieuwendyk.

Nínú àwọn mẹ́wàá tí ó ṣáájú rẹ̀, ẹni tí ó gbá góòlù jù ni Shane Doan tí ó wà ní ipò keje: 402 ni tirẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ipò kẹjọ kò ṣe ju eré 8 lọ ní NHL, kò sì gbá góòlù kankan. Ní ti ẹni àkọ́kọ́, Bryan Berard, a kò gbọdọ̀ fi góòlù díwọ̀n rẹ̀, nítorí adènà ni í ṣe, ó sì fara gbọgbẹ́ burúkú lójú ní ọdún 2000.

Ǹjẹ́ a lè wá sọ pé asán ni ètò ìṣàyàn náà? Rárá o. Bí a bá kó gbogbo àwọn tí wọ́n ti yàn láti ọ̀pọ̀ ọdún jọ, àwọn tí ó wà níwájú ni góòlù wọn pọ̀ jù, ó sì pọ̀ jù lọ́nà tí kò ṣeé jiyàn. Láti ẹni kìíní sí ẹni kẹwàá, ńṣe ni iye náà ń já wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ á tẹ́jú, débi pé ìyàtọ̀ ẹni 60 sí ẹni 160 kò tó nǹkan mọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn méjèèjì ni kò ní kópa nínú eré NHL púpọ̀. Alex Ovechkin ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ní ọdún 2004. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó gbá góòlù 895 rẹ̀ wọlé, ó sì kọjá Wayne Gretzky tí ó ti jókòó sórí 894 láti ọdún 1999. Nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n pẹ̀lú, Hakeem Olajuwon, ọmọ wa tí a bí ní Èkó, ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1984, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ fún Houston lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí ó yàn wọ́n kò ṣìnà.

Ní ọdún 1984 yẹn kan náà, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú họ́kì. Mario Lemieux ni ẹni kìíní, ó sì gbá góòlù 690. Brett Hull ni ẹni 117, ó gbá 741. Luc Robitaille, tí àwọn ènìyàn ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá lórí omi dídì, ni ẹni 171, ó gbá 668. Ní ọdún 1993 ẹ̀wẹ̀, Alexandre Daigle ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, wọ́n sì fi owó rẹpẹtẹ tọrọ rẹ̀. Góòlù 129 péré ni ó gbá nínú eré 616. Òtítọ́ ni ètò náà ń sọ nípa ọ̀pọ̀ ènìyàn lápapọ̀, ṣùgbọ́n ó lè purọ́ pátápátá nípa ẹnì kan.

Kí ni ó fà á? Apá kan ni pé àwọn tí ń ṣàyàn ní ìmọ̀ díẹ̀. Apá kejì ni pé ipò náà fúnra rẹ̀ ń bí góòlù. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ yàn ni wọn yóò máa fi sórí pápá jù, pẹ̀lú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gbá. Bí ó bá kùnà lónìí, wọn yóò tún gbìyànjú rẹ̀ lọ́la. Ẹni 171 kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ Obbo-Ile kankan kò ní í gbin ebu kan sí ebè ńlá létí odò, kí ó gbin èkejì sórí àpáta, kí ó wá sọ ní ìgbà ìkórè pé ebu àkọ́kọ́ ni ó dára.

Apá kẹta ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ní Kánádà, ọjọ́ kìíní ọdún ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọdé sí ìsọ̀rí nínú họ́kì. Ọmọ tí a bí ní oṣù kìíní àti èyí tí a bí ní oṣù kejìlá ọdún kan náà ń gbá a pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan fi oṣù mọ́kànlá ju èkejì lọ. Ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Olùkọ́ni a wo èyí tí èjìká rẹ̀ fẹ̀, a sì rò pé ẹ̀bùn ni. Roger Barnsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde ní ọdún 1985 pé àwọn tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ó kún inú ẹgbẹ́ họ́kì. Ní ọdún 2013, Robert Deaner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn tí a bí láti oṣù keje sí oṣù kejìlá ni wọ́n ń yàn sí ohun tí ó ju ipò 40 lọ lẹ́yìn ibi tí iṣẹ́ wọn fi hàn nígbẹ̀yìn pé ó tọ́ sí wọn. Oṣù keje, bí a ti wí, ni a bí Iginla. A kò fi ẹnì kan ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní ìgbà tiwa, kì í ṣe ìwé ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi ń gba ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn á ní kí ọmọ gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó. Ọmọ tí apá rẹ̀ gùn wọlé ní ọmọ ọdún márùn-ún. Àwọn mìíràn jókòó sílé títí di ọdún mẹ́jọ. Kíláàsì kan náà ni gbogbo wa jọ bá ara wa, a sì jọ dé Fọ́ọ̀mù Kìíní bẹ́ẹ̀. Ní òpin sáà, wọn á pe èsì láti ẹni kìíní dé ẹni ìkẹyìn, gbogbo wa a sì gbọ́.

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì wa ní àwọn ọdún 1970 tí ó máa ń wà ní ipò 27, nínú àwa 32. Òun ni ó kéré jù nínú wa. Bí a bá jókòó lábẹ́ igi láti ṣe ìṣirò, ó máa ń rí ọ̀nà tí àwa kò rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í yá tó láti parí ìdánwò. Lẹ́yìn Fọ́ọ̀mù Kejì, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí oko, kí owó ilé-ẹ̀kọ́ lè tó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń gba ipò kejì. A kò dá bàbá náà lẹ́jọ́. Owó kò sí, ìwé èsì nìkan ni ó sì ní lọ́wọ́ láti fi yàn. Àwa tí à ń gba ipò kẹta nígbà náà fi ọdún mẹ́ta ju ọmọ yẹn lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa lọ́pọ̀lọpọ̀, a sì gbà á bí ẹ̀tọ́ wa.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ní àjọ̀dún yìí. Bí ikán kò bá tíì jẹ àwọn ìwé èsì àtijọ́ tán, ẹ jẹ́ kí àwa mélòó kan jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kí a kọ ọjọ́ orí olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ ipò tí ó gbà, àti ibi tí ó dé láyé níwọ̀n bí a ti mọ̀. Kíláàsì tiwa ni a fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.