Ojú Ọmọ Tó Ń Ṣomi: Ṣé Dandan Ni Iṣẹ́ Abẹ?

Ọmọ jòjòló kan lè wà nílé yín tí ojú rẹ̀ ń ṣomi ṣáá látìgbà tí wọ́n ti bí i. Àwọn kan á ní eruku Oṣòdì ni, àwọn kan á ní Apollo ni. Àmọ́ Apollo máa ń mú kí ojú pọ́n, ó sì máa ń ràn. Èyí kì í ràn.

Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa rí ihò bíńtín kan nítòsí imú. Ibẹ̀ ni omijé ń gbà lọ sínú imú, ìdí nìyẹn tí imú wa fi ń ṣàn tá a bá ń sunkún. Lára ọmọ mìíràn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dí ìsàlẹ̀ ọ̀nà yìí. Omijé ò ríbi gbà, ló bá ń dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ipin á sì lẹ ojú pọ̀ láàárọ̀.

Nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 10, nǹkan bíi 9 ni ọ̀nà yẹn máa ń là fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 1. Kí nọ́ọ̀sì kọ́ ìyá bó ṣe máa fọ ọwọ́, kó fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, kó sì rọra fà á wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́.

Tó bá kọjá ọdún 1 tí kò lọ, dókítà ojú lè ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní probing. Wọ́n á fún ọmọ ní oògùn oorun, wọ́n á ti irin tín-ín-rín gba inú ihò yẹn láti lu awọ náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, wọn ò fi ọ̀bẹ gé nǹkan kan. Ọmọ díẹ̀ ló máa ń nílò iṣẹ́ abẹ gidi, èyí tí wọ́n fi ń la ọ̀nà tuntun sínú imú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fún omi ọyàn tàbí ìtọ̀ sójú ọmọ. Kòkòrò inú ẹ lè ba ojú jẹ́.

Tí ọmọ ò bá lè wo ìmọ́lẹ̀, tí ẹyinjú rẹ̀ tóbi jù tàbí tó dà bíi pé èéfín bò ó, ó lè jẹ́ glaucoma, èyí tó ń fọ́ ojú. Tí igun ojú bá wú, tó pọ́n, tí ara sì gbóná, ewu ni. Ẹ gbé e lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀ tàbí Guinness Eye Centre ní LUTH, Ìdí-Àràbà, lọ́jọ́ náà gan-an. Awọ tó dínà omijé lè dúró de ọdún 1. Glaucoma ò ní dúró.