Ìdí Tí Kọ́nà Fi Le fún Bàálù Kékeré

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ọdún 2006, bàálù kékeré kan, Cirrus SR20, kọlu ilé gogoro ní New York. Ẹni méjì ló wà nínú ẹ̀: Cory Lidle, tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ baseball New York Yankees, àti olùkọ́ tó ń kọ́ni ní wíwa bàálù. Àwọn méjèèjì ló kú. Ìwé àṣẹ Lidle ò tíì pé ọdún kan. Àwọn olùwádìí ò sì rí àbùkù kankan lára ẹ́ńjìnnì. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Orí odò East River ni wọ́n ń gbà lọ sí àríwá, wọ́n sì fẹ́ yí padà. Odò náà fẹ̀ tó nǹkan bí 640 mítà, ṣùgbọ́n wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti etí ẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Atẹ́gùn tún ń tì wọ́n sí ọ̀dọ̀ àwọn ilé. Àjọ NTSB, tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣírò pé àyè tó kù fún wọn ò ju nǹkan bí 400 mítà lọ.

Ẹ wo ọlọ́kadà tó fẹ́ gba kọ́nà: ó máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Bàálù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti tẹ̀, lára agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e sókè ló fi ń yí. Kó má bàa wálẹ̀, awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbé imú ẹ̀ sókè kí apá lè ṣiṣẹ́ sí i. Tó bá tẹ̀ dé 60 dígírì láìwálẹ̀, ìlọ́po méjì ìwọ̀n bàálù ni apá ń gbé.

Tí imú bá wá ga jù, afẹ́fẹ́ ò ní lè ṣàn dáadáa lórí apá mọ́, agbára tó ń gbé bàálù á sì já. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní stall. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì kú o! Bàálù tó jẹ́ pé 100 kìlómítà ní wákàtí ló ti ń ṣe stall tó bá ń lọ tààrà, ní 60 dígírì, 141 ló ti máa ṣe é. Tó bá sì sáré sí i, kọ́nà ẹ̀ á tún fẹ̀ sí i.

NTSB ní àyè yẹn gba kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó 53 dígírì, ó kéré tán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí wọ́n bá rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní láti tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbẹ̀yìn, stall sì ti wà nítòsí.

Ká ní etí ìlà-oòrùn ni wọ́n gbà, àyè wọn ì bá pọ̀ sí i. Kí awakọ̀ tó dé kọ́nà ló yẹ kó ti ṣírò ẹ̀.