Kí Ló Dé Tí Google Kì Í Ṣí Lórí Kọ̀ǹpútà Ìdánwò?

Nígbà tí a ń ṣe ìdánrawò JAMB ní yàrá kọ̀ǹpútà wa, ọ̀rẹ́ mi kan rọra bi mí pé, "Ṣé mo lè ṣí Google díẹ̀ lórí nǹkan yìí?" Ẹ̀rín pa mí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè ṣí, torí ọ̀pọ̀ wa ní Lekki àti Ajah níbí ló máa jókòó síwájú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ láìpẹ́.

Ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di 2015, wọ́n pa ti orí ìwé tì pátápátá. Àwọn kọ̀ǹpútà inú gbọ̀ngàn kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà ló so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà àgbà kan nínú ọgbà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní server. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ìdáhùn ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn mi kò fi sọnù nígbà tí iná lọ lọ́jọ́ ìdánrawò yẹn. Bí iná ṣe dé, ìbéèrè 23 tí mo wà ni mo tún bá.

Ẹ ò tiẹ̀ nílò mouse. Lẹ́tà mẹ́jọ péré ti tó: A, B, C, D láti dáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R tí ẹ kò bá tíì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì. Ẹ má sì wo ẹ̀gbẹ́ o! Wọ́n ti da ìbéèrè rú: ìbéèrè 5 tiyín lè jẹ́ 31 lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Lẹ́nu ọ̀nà, ìtẹ̀ka ni wọ́n fi ń mọ̀ yín. Fóònù àti aago ọwọ́ kò gbọdọ̀ wọlé.

Àmọ́ kí a ti ìlẹ̀kùn kò sọ pé inú ilé pé. Ní 2025, àtúnṣe kan tó yẹ kí wọ́n ṣe sórí server kò dé orí èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù. Ẹ̀rọ wá ń fún àwọn tó gbà á ní àṣìṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ló kàn ní ibùdó 157. 206,610 nínú wọn wà ní Èkó wa níbí. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí pariwo, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tọrọ àforíjì, ó sì sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Ọjọ́ 16 ni àtúnṣe ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó, olè kankan kò wọlé o. Àwọn tó ti ìlẹ̀kùn ni kò yẹ inú ilé wò tán.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin olùkọ́ wa. Kí ìdánrawò kejì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ́kọ́ jókòó ṣe é pẹ̀lú ìdáhùn tí a ti mọ̀. Tó bá gba ogún, ṣé ogún náà ni ẹ̀rọ máa fún un? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ lọ mọ lẹ́tà mẹ́jọ yẹn dunjú. Tí máàkì yín bá sì ṣàjèjì sí yín, ẹ má dákẹ́.