Ìlà àṣẹ nínú iṣẹ́ dátà ìgbàsílẹ̀ ọpọlọ

Ìlà àṣẹ nínú iṣẹ́ dátà ìgbàsílẹ̀ ọpọlọ ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà tẹ àṣẹ sójú tẹ́míná kọ̀ǹpútà láti ṣí fáìlì EEG, láti yẹ̀ ẹ́ wò àti láti yí i padà, láìlo máòsì. EEG ni àkọsílẹ̀ iná mọ̀nàmọ́ná fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọpọlọ ń gbé jáde. Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ lára ènìyàn ní ọdún 1924. Ó tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1929. Lónìí, ọ̀kan pàtàkì nínú ìlò rẹ̀ ni ìwádìí àrùn wárápá.

Dátà láti Nàìjíríà

Ní ọdún 2018, Vincent van Hees àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands gbé ìgbàsílẹ̀ EEG àwọn tó ní wárápá àti àwọn tí kò ní in, ní Nàìjíríà àti Guinea-Bissau, sórí ìkànnì Zenodo, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ EMOTIV tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ kò wọ́n tó ti ilé ìwòsàn. Ojú ìgbàsílẹ̀ 14 ló ní, ó sì ń ka ìwọ̀n iná náà nígbà 128 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fáìlì CSV tí a fún pọ̀ ni dátà náà, nítorí náà àṣẹ kan péré tó láti mọ bí ìgbàsílẹ̀ kan ṣe gùn tó:

zcat faili.csv.gz | wc -l

Zcat tú fáìlì náà, àmì | gbé ohun tó tú fún wc, wc sì ka iye ìlà. Bí ìlà 128 bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbàsílẹ̀ ìṣẹ́jú 5 yóò ní nǹkan bí ìlà 38,400. Èyí tó bá kéré jìnnà sí i ti gé lójú ọ̀nà.

Ní Ọ̀tà, níbi tí Yunifásítì Covenant àti Bells University of Technology wà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹ̀rọ EEG rárá lè fi irú dátà bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́. Bí iná bá lọ nígbà tí fáìlì ń wọlé, àṣẹ wget -c yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba EEG sílẹ̀ nítòsí àwọn ilé-iṣẹ́ Sango-Ọ̀tà gbọ́dọ̀ rántí pé iná ìjọba Nàìjíríà ń mì nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìmìtìtì náà sì máa ń wọ inú ìgbàsílẹ̀. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Àpẹẹrẹ àṣẹ tí wọ́n kọ níbẹ̀ kò ṣe é dà kọ láìyí nọ́ńbà yìí padà. Jẹnẹrétọ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í dúró lórí 50 gan-an.

Orúkọ aláìsàn nínú fáìlì EDF

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn lè kó EEG jáde ní ìlànà EDF, tí Bob Kemp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1992; EDF+ tẹ̀lé e ní 2003. Báìtì 256 àkọ́kọ́ fáìlì náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè kà:

head -c 256 faili.edf

Lẹ́yìn báìtì 8 àkọ́kọ́, 80 tó tẹ̀lé e jẹ́ ti aláìsàn: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti orúkọ rẹ̀ pàápàá. Àwọn ènìyàn ṣì ń sá fún ẹni tó ní wárápá, orúkọ tó bá jáde sì lè ba ìgbéyàwó tàbí iṣẹ́ ẹni náà jẹ́. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ dátà tó nílò ààbò pàtàkì. Síbẹ̀, yíyí fáìlì padà kì í pa orúkọ rẹ́ fúnra rẹ̀. Àṣẹ mne_bids raw_to_bids, tó ń to dátà sí ìlànà BIDS tí àwọn olùwádìí fi ń pín in, lè ṣẹ̀dà EDF bó ṣe wà, tòun ti orúkọ inú rẹ̀. A lè kọ́kọ́ pa á rẹ́ lórí ẹ̀dà fáìlì náà báyìí:

printf '%-80s' 'X X X X' | dd of=eda.edf bs=1 seek=8 conv=notrunc

X mẹ́rin ni EDF+ ń fi rọ́pò nọ́ńbà, akọ-n-bábo, ọjọ́ ìbí àti orúkọ. Ẹni tó bá gbàgbé conv=notrunc yóò rí i pé dd ti gé gbogbo ìgbàsílẹ̀ náà dànù, tó ku báìtì 88 péré. Ìdí nìyí tí a kì í fi í ṣe é lórí fáìlì àkọ́kọ́.

Orúkọ tún lè wà nínú orúkọ fáìlì, tàbí nínú àkíyèsí tí òṣìṣẹ́ tẹ̀ sínú EDF+ nígbà ìgbàsílẹ̀. Grep -a lè wá a, ṣùgbọ́n orí EDF kò gba lẹ́tà tó ní àmì: ọ́ kan ṣoṣo gba báìtì 5 ní UTF-8, nígbà tí EDF kò fàyè gba ju lẹ́tà ASCII lọ. Ṣọlá yóò wá di Sola lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, yóò di Shola lọ́wọ́ òmíràn. Àṣẹ ìwákiri gbọ́dọ̀ gba méjèèjì:

grep -a -i -E 'sh?ola' eda.edf