Ọ̀nà Tí Àrùn Ń Gbà, àti Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọ Wa

Ní Uso, ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sẹ́ni tó tún ń ṣàlàyé fún ìyá ọlọ́mọ ìdí tí ìdérí fi gbọ́dọ̀ wà lórí ike gàrì. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sungbó, èkúté á máa sá wá sílé, ìròyìn ibà Lassa á sì tún máa jáde láti Ọ̀wọ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti kìlọ̀ títí fún àwọn tó ń sá láfún sí etí títì Akúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ pé ibi tí oúnjẹ bá sùn sí níta ni èkúté ń tọ̀ sí.

Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá kòkòrò àrùn náà mọ̀, orúkọ ìlú Lassa ní Bọ̀rnó ni wọ́n sì fi pè é. Èkúté kan tó ní ọmú púpọ̀, tó sì ń bímọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ló ń gbé e kiri láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó bá oúnjẹ. Bí ó bá dé ara ènìyàn, ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara aláìsàn lè gbé e dé ara ẹlòmíràn, ìdí sì nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà fi wà nínú ewu ju aládùúgbò lọ. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá kó o, bí mẹ́jọ lè má rí ju ibà díẹ̀ àti orí fífọ́ lọ. Àwọn tó kù ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ (FMC) ń tọ́jú, àwọn kan nínú wọn kì í sì í padà sílé.

Pẹ̀lú gbogbo ìbẹ̀rù yìí, mi ò tíì gbọ́ òbí kan ní agbègbè yìí tó torí ibà Lassa ní kí ọmọ òun má lọ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn òbí mọ ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà wọlé, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kò gba orí pápá kọjá. Wọ́n lè dí ihò ara ògiri kí wọ́n sì bo gàrì mọ́lẹ̀, kí ọmọ sì wà lórí pápá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Òun ni mo fẹ́ kí a gbé dání lọ sí ibi tí kò yé wa tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Kòrónà dé, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ hàn ní Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, ó ti dé ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibà Lassa sì ń jà lọ́wọ́: ní ọdún yẹn, ó ju 1,000 ènìyàn lọ tí àyẹ̀wò fi hàn ní Nàìjíríà pé wọ́n ní in, Oǹdó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti pọ̀ jù. Ní ìparí oṣù kẹfà, gómìnà ìgbà náà, Rótìmí Akérédolú, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, kéde pé òun náà ti kó Kòrónà. Ọjọ́ 2 oṣù keje ni àrùn náà pa Dókítà Wahab Adégbẹnró, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera, ẹni tó ti ń bá ibà Lassa jà kí èyí tó dé. Bí àrùn bá lè mú gómìnà, kó sì pa kọmíṣọ́nnà ìlera, kí ni òbí tó wà ní Uso yóò sọ pé òun mọ̀ nípa rẹ̀?

Gbogbo nǹkan ni wọ́n tì pa. Ìdíje bọ́ọ̀lù àgbà orílẹ̀-èdè dúró ní oṣù kẹta, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 27 oṣù kejìlá. Àjọ̀dún eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè tó yẹ kó wáyé ní ìlú Bìnní ní oṣù kẹta 2020, oṣù kẹrin 2021 ni wọ́n tó ṣe é. Ilé ìwé tì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ti gbogbo ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́yìn ìlú. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, àwọn òbí kan ń lé wọn, àwọn mìíràn ń dijú. Ẹni tó ń lé ọmọ àti ẹni tó ń dijú, inú òkùnkùn kan náà ni àwọn méjèèjì wà, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ibi tí ewu gan-an wà.

Ibi tó wà nìyí. Èémí ni Kòrónà ń bá rìn. Ẹni tó kó o ń mí kòkòrò rẹ̀ jáde, bó bá sì ń pariwo tàbí tó ń kọrin, ohun tó ń mí jáde á pọ̀ sí i. Ẹ wo obìnrin tó ń yan gàrì lábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri: èéfín ń rú, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Ẹ gbé àgbàdá kan náà wọ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì, kò ní pẹ́ tí ojú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á máa ṣomi, títí kan ẹni tó jókòó sí igun jíjìn. Èémí kò ṣeé fojú rí, àmọ́ bó ṣe ń ṣe nínú yàrá àti ní gbangba nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ibi tí àwọn òbí ti ń sanwó kí ọmọ wọn lè wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí ìwé kí ọmọ tó wọ pápá, àwọn olùwádìí láti Wisconsin ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àsìkò ooru ọdún 2020. Àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀dọ́ 91,007 ń gbá bọ́ọ̀lù fún ló dá wọn lóhùn. Nínú gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn, 282 ni wọ́n ròyìn pé wọ́n kó Kòrónà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ pé orí bọ́ọ̀lù ló ti kó o. Ilé àti àárín àwọn ará ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Èmi kò ní fi ìròyìn àwọn ẹgbẹ́ náà nìkan búra, nítorí ẹni tó fẹ́ kí eré máa lọ lè má wádìí jìnnà. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí a mọ̀ nípa ìta gbangba mu.

Ẹ wá fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Tampa Bay, ní Florida, ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Àwọn àgbàlagbà ló ń ṣeré níbẹ̀, eré wọn sì ṣàjèjì sí wa: wọ́n ń wọ bàtà onírin, wọ́n ń yọ̀ lórí yìnyín, wọ́n sì ń fi ọ̀pá gbá nǹkan kékeré pẹlẹbẹ kan kiri. Inú ilé ni, ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sọ afẹ́fẹ́ di tútù, tí wọ́n sì fi ògiri bíi gíláàsì yí gbàgede náà ká. Wákàtí kan ni eré náà, wọ́n sì tún jọ wà nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Eléré 22 ló wà níbẹ̀. Kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, 14 nínú wọn ti ń ṣàìsàn, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin kan péré ni wọ́n gbà pé ó gbé e wọlé, ara rẹ̀ sì le koko ní ọjọ́ tó ṣeré.

A kò ní yìnyín ní Uso, àmọ́ a ní ọkọ̀ akérò. Bí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bá fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ọ̀wọ̀ tàbí Akúrẹ́, bọ́ọ̀sì kan ni wọn á há gbogbo wọn mọ́, èyí tó kéré á jókòó lé ẹsẹ̀ èyí tó dàgbà. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á ti fèrèsé. Bí wọ́n bá borí, orin ni wọn ó máa kọ títí wọn ó fi délé. Inú mi máa ń dùn láti gbọ́ orin yẹn, mo sì mọ̀ pé ní àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú tí wọ́n lò lórí koríko kò léwu tó ọ̀nà tí wọ́n gbà padà.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tún wà. Ọmọ tó bá ti gbá tirẹ̀ tán ní ọjọ́ Sátidé máa ń fẹ́ lọ wo Arsenal tàbí Chelsea. Yàrá kan, orí bẹ́ǹṣì tó kún fọ́fọ́, páànù lórí, aṣọ tí wọ́n fi dí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pa àwòrán, igbe ńlá ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n. Bí ènìyàn bá wá ibi tó jọ ilé yìnyín Florida yẹn ní ìlú wa, ibẹ̀ ni yóò ti rí i. Òbí tó ní kí ọmọ má lọ sí pápá ní 2020, tó sì fún un lówó ìwòran kó má bàa sunkún, àìmọ̀ ló gbé e dé ibẹ̀; ìfẹ́ ọmọ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba gbà nígbẹ̀yìn pé ìta gbangba sàn ju inú ilé lọ. Wọ́n ti pápá àwọn ọmọdé ní oṣù kìíní 2021. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ni wọ́n ṣí ti ìta, ó sì di ọjọ́ 12 oṣù kẹrin kí wọ́n tó gbà kí àwọn ọmọ padà sí eré inú ilé. Àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ohun mìíràn láti rò. Ìṣirò ìjọba níbẹ̀ fi hàn pé ní ìgbà àkọ́kọ́ tí àrùn náà jà, ikú tó pa àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà ju ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ló ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó ń tọ́jú arúgbó, wọn kò sì lè jókòó sílé ṣiṣẹ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ lè gbá bọ́ọ̀lù tán láìsí ewu púpọ̀ fún ara rẹ̀, kó sì bá ìyá àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà jókòó lórí àga kan náà.

Èyí ló kàn wá ní Uso ju gbogbo rẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń sá eré lórí pápá wa, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n ń gbé, òbí wọn wà ní Èkó tàbí Àbújá. Kòrónà kì í sábà pa ọmọdé. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ló máa ń dojú kọ. Nítorí náà, ẹni tó ń fóònù láti Èkó pé kí ọmọ máa ṣeré lọ gbọ́dọ̀ béèrè bí ara màmá ṣe rí, yàrá tí ọmọ ń sùn, àti bóyá màmá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ní fòní-kú-fọ̀la-dìde, ọ̀rọ̀ dókítà ló yẹ kó ṣáájú ti akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Kí a má sì ṣe bí ẹni pé jíjókòó sílé kò ní ewu tirẹ̀. Àwọn olùwádìí Wisconsin kan náà bi ọ̀dọ́ eléré ìdárayá 13,002 ní Amẹ́ríkà léèrè ní oṣù karùn-ún 2020, nígbà tí gbogbo pápá tì. Ìbànújẹ́ ọkàn àti àníyàn pọ̀ láàárín wọn, ó sì wúwo jù lára àwọn tó ń ṣeré ẹlẹ́gbẹ́ àti àwọn tó wá láti àdúgbò tálákà. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá tí ilé ìwé tì mọ́ lójú fún bí oṣù mẹ́fà, tí wọ́n tún gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, kí la fi sílẹ̀ fún un?

Bí àrùn bíi Kòrónà bá tún dé, mo fẹ́ kí àwọn ìyá Uso lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá bí wọ́n ṣe ń lọ bá ẹni tó ń ta gàrì, kí wọ́n wò ó dáadáa kí wọ́n tó gbà. Ọmọ mélòó lẹ máa kó sínú ọkọ̀? Ṣé fèrèsé rẹ̀ ń ṣí? Ṣé ẹ ò lè yá méjì, kí àwa òbí dá owó epo? Níbo ni wọ́n ti máa pààrọ̀ aṣọ, ṣé wọn ò lè wọ jẹ́sì wọn láti ilé? Ẹ jẹ́ kí ọmọ mú omi tirẹ̀ dání. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò ná wa ní kọ́bọ̀, àyàfi owó epo.

Ìbéèrè kan ṣì wà tó le ju ìwọ̀nyí lọ. Ní àsìkò ọyẹ́, bí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn eré, ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn, ó lè jẹ́ Lassa, ó lè jẹ́ Kòrónà. Orí fífọ́, ọ̀fun dídùn àti ara ríro lè bá èyíkéyìí wá, kò sì sí ìyá tó lè fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ kó mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ló yẹ kí ó gbà, kì í ṣe ìsọ̀ olóògùn, bó bá sì jẹ́ Kòrónà ló ṣe ọmọ náà, kó máa padà sí eré díẹ̀díẹ̀. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí òòyì kọ́ ọ nígbà tó ń sáré, kó dúró, kó rí dókítà, nítorí àrùn náà máa ń kan ọkàn àwọn ọmọ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í fẹ́ sọ pé ara òun gbóná. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ni yóò wọ jẹ́sì òun ní ọjọ́ Sátidé, ó sì lè má gbà á padà mọ́. Torí náà, yóò gbé oògùn mì ní kọ̀rọ̀, yóò sì wọ bọ́ọ̀sì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan ló lè tú èyí. Kí eré ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kí ó pe àwọn ọmọ àti òbí wọn jọ, kí ó sọ ọ́ ní ojú gbogbo wọn pé ẹni tó bá sọ pé ara òun kò yá, nọ́ńbà rẹ̀ yóò dúró dè é títí ara rẹ̀ yóò fi le.