Ẹ Fi Dígí Bo Ère Ìbejì, Ẹ Má Rì Í Sínú Oje

Lọ́jọ́ ọjà kan, ìyá àgbà kan tó ń taṣọ ní Takie, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, pè mí sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó tú ìdì kan, ó sì mú ère ìbejì kékeré kan jáde.

"Tíṣà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ìbejì ni wọ́n bí wa. Èkejì mi tó kú ní kékeré rèé. Ọmọ mi tó wà ní Èkó ní òun fẹ́ da oje kan tó mọ́ gaara bí omi bò ó, kí ó le, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ọkàn mi kò balẹ̀."

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n wádìí rẹ̀ dọjọ́ ọjà tó ń bọ̀." Ohun tí mo rí nìyí.

Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, òbí a tọ babaláwo lọ. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọn a lọ bá agbẹ́gilére. Ìyá ọmọ a máa wẹ ère náà, a máa bọ́ ọ, a máa fi osùn pa á lára. Nítorí náà ni ojú ère àtijọ́ mìíràn ṣe dán tí imú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ọwọ́ ìyá ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ikán.

Ṣé a lè yọ́ dígí bò ó? Rárá o. Iná tí wọ́n fi ń yọ́ dígí lé ní 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Igi yóò ti di eérú. Lóòótọ́, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Apsley Pellatt, gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1819 lórí fífi dígí bo ère kéékèèké, ṣùgbọ́n amọ̀ ni tirẹ̀.

Oje tí ọmọ ìyá ń sọ ni epoxy. Oríṣi omi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀ tí ó fi ń le. Bó ti ń le ló ń gbóná, pàápàá bí ó bá nípọn. Atẹ́gùn inú igi a máa hó jáde, a sì di èéfọ́ nínú rẹ̀. Òróró àti osùn ara ère kì í jẹ́ kí oje lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Bí oòrùn bá ń pa á, yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé kò ní àtúnṣe. Ẹ rántí kòkòrò tí oje igi bò láti ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún: a ń rí i kedere, ṣùgbọ́n a kò lè yọ ọ́ láìfọ́ oje náà.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan àpótí onídígí tó ní ilẹ̀kùn. Ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn àti sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ má fi omi wẹ ère àtijọ́, ẹ má fi fáníìsì kùn ún. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun igi lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ sì mú un lọ fún àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, irú èyí tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1954.

Ẹni tó bá sì fẹ́ràn oje dandan, kí ó gbẹ́ ère tuntun fún un. Kí ó kọ́kọ́ fi oje fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun igi náà yíká, kí ó wá máa dà á díẹ̀díẹ̀, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì wà níta gbangba.

Mo jíṣẹ́ fún ìyá. Ó pa á mọ́ àyà, ó ní, "Ọwọ́ ìyá mi ló wà lójú rẹ̀ yìí. Bí oje bá bò ó, níbo ni n ó ti fọwọ́ kàn án?"

Ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó sì ti lọ bá káfíńtà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ ro ó dáadáa kí ẹ tó da oje.