Ìpínlẹ̀ Ògùn: Ohun Tó Ń Fa Iléeṣẹ́ Wá, Ohun Tó Ń Lé E Lọ

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Kò ní èbúté ọkọ̀ òkun kankan, síbẹ̀ ẹni tó bá ń ka ibi tí iléeṣẹ́ ńlá pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà kò lè fò ó.

Èkó ni ìdí àkọ́kọ́. Abẹ́ ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkẹjà wà nígbà tí ìjọba ẹkùn náà tẹ́ ọgbà iléeṣẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó dé lọ́dún 1967, Ìkẹjà bá a lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbówó lórí títí tí ẹni tó fẹ́ kọ́lé ẹ̀rọ tuntun fi ń wo ìkọjá ààlà. Olóyè Adéyẹmí Lawson ti rí i pé yóò rí bẹ́ẹ̀, ló bá dá ọgbà iléeṣẹ́ Àgbárá sílẹ̀ ní ìhà Ògùn. Ohun tó tà ju ilẹ̀ lọ. Títì wà nínú ọgbà, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni oníléeṣẹ́ sì ti ń gbalẹ̀, kò ní í máa ti ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíì. Ẹni tí ọmọ onílẹ̀ ti dá dúró rí lẹ́nu ìpìlẹ̀ ni yóò mọyì ìyẹn.

Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì tún wà nílẹ̀. Sìmẹ́ǹtì wúwo, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè rẹ̀, nítorí náà ẹ̀bá òkúta náà ni wọ́n ń kọ́ iléeṣẹ́ sí: Ewékorò láti ọdún 1960, Ìbẹṣè ti Dangote lọ́dún 2012.

Iná wá ńkọ́? Iléeṣẹ́ Beta Glass tó ń ṣe ìgò ní Àgbárá jẹ́ àpẹẹrẹ tó yé èèyàn. Tọ̀sán tòru ni ìléru ìgò ń jó. Bí iná bá kú, ìgò tó ti yọ́ yóò dì sínú rẹ̀, ìléru ọ̀hún náà sì lè bàjẹ́. Ta ló máa fi irú iṣẹ́ yẹn sábẹ́ iná ìjọba? Páìpù gáàsì tó dé Àgbárá àti Ọ̀tà ló ń gbà wọ́n sílẹ̀. Lójú tèmi, páìpù yẹn ju ẹ̀dínwó owó orí tí àwọn gómìnà máa ń pariwo lọ fíìfíì.

Títì ni ibi tó ń dunni. Lọ́dún 2009 ni Èkó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ títì Bàdágìrì tó lọ sí Àgbárá, iṣẹ́ ọ̀hún sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kọ̀ǹténà tó kúrò ní Àpápá sì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí agbára ìpínlẹ̀ kò ká. Procter & Gamble ṣí iléeṣẹ́ tó ná an ní ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là ní Àgbárá lọ́dún 2017, ó sì tì í lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ oògùn GSK náà kéde lọ́dún 2023 pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Bí dọ́là bá wọ́n, tí ohun èlò sì ń ti òkè òkun wá, ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú kò lè dá èèyàn dúró.

Ojú tún ti ń yí padà sápá ìlà oòrùn. Èbúté Lẹ́kì tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023 jìnnà sí Àgbárá. Ìjẹ̀bú ló súnmọ́ ọn, láti ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́.